Ṣé Òyìnbó ló dá ìgboro sílẹ̀ fún wa? Iyàn kan láti inú mọ́tò Ìkẹ́rẹ́ sí Adó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jiyàn nínú mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́ títí a fi sọ̀ ní Adó. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìlú ńlá nílẹ̀ adúláwọ̀ kí Òyìnbó tó dé, pé abúlé tó gbòòrò lásán ni gbogbo wọn. Ó ní Adó gan-an, ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgboro, pé ṣáájú ìgbà yẹn, oko làwọn bàbá wa ń lọ láàárọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ lálẹ́. Mi ò rí èsì fún un. Ṣé irọ́ ló pa ni?

* * *

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Oko làwọn bàbá wa ń lọ lóòótọ́. Bàbá tèmi ní oko etílé tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀, ó sì tún ní ti ẹgàn, níbi tó máa ń sùn sí láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì. Síbẹ̀, bí o bá bi í pé ibo ló ń gbé, kò ní dárúkọ abà yẹn láéláé. "Adó ni ulé mi," lohun tó máa sọ. Ẹni tó bá sì pè é ní ará oko, ìjà dé nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni mọ ará ìlú yàtọ̀ sí ará oko. Ibi tí agbo ilé bàbá rẹ wà, ibi tí o ti ń ṣọdún, ibi tí wọ́n máa gbé òkú rẹ wá, òun la fi ń mọ̀ ọ́. Abà lè ní ogójì ilé, abà náà ni yóò máa jẹ́. Ibòmíràn lè kéré, bó bá ti ní adé, ọjà àti bodè, ìlú ni. Àwọn àgbà Èkìtì ní "ùlú", wọn kì í sì í dédé pe ibikíbi bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa okùn káàkiri agbo ilé láti Adó títí dé Ìkọ̀lé, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí n ó sọ, ẹsẹ̀ mi ti tẹ̀ ẹ́ rí.

* * *

Èsì ti pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn jọ.

Àwọn kan gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ: iná mànàmáná, títì ọlọ́dà, omi ẹ̀rọ, ìwọ̀nyí ni ìgboro, Òyìnbó ló sì kó wọn wá. Lọ́ńdọ̀nù ti di ìlú ńlá tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí iná mànàmáná. Bó bá sì jẹ́ iná àti omi ẹ̀rọ la fi ń mọ ìgboro, ẹ wo àdúgbò yín lónìí. Mo mọ̀ dájú pé nínú àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, a rí ẹni tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló fi gba iná sí fóònù tó fi kọ ọ́.

Àwọn tó kù sí apá kejì, orí tiwọn ti wú jù. Wọ́n ní odi Benin gùn ju odi Ṣáínà lọ, pé ìgbà mélòó kan. Ẹ rọra. Patrick Darling, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ilẹ̀ yẹn, fojú bu gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 16,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe odi kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ. Yàrà àti òkìtì ilẹ̀ tí ìletò kọ̀ọ̀kan gbẹ́ yí ara rẹ̀ ká ni, tí wọ́n so kọ́ra bí afárá oyin. Ìgbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n rí iye yẹn. Iṣẹ́ ńlá ni, kò nílò àbùmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó sún mọ́ wa, kó lọ wo Eredo Súngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú: nǹkan bíi kìlómítà 160 ló fi yí po, ibi kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é.

Apá kẹta ní kí á fi ìtàn sílẹ̀, kí á sọ̀rọ̀ títì tí wọ́n ń là gba àárín agbo ilé. A óò dé ibẹ̀.

* * *

Ẹnìkan bèèrè tìbínú-tìbínú pé bó bá jẹ́ pé a ní ìlú ńlá, òkúta rẹ̀ dà? Kí ló dé tí a ò rí ohunkóhun wò?

Ní ìhà gúúsù, ẹ lè rí òkúta wò. Great Zimbabwe wà níbẹ̀, láti nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ògiri ńlá rẹ̀ ga tó mítà 11 níbòmíràn, òbírí rẹ̀ tó mítà 250, kò sì sí amọ̀ tàbí símẹ́ǹtì tí wọ́n fi so òkúta kan mọ́ èkejì. Ní 1905, David Randall-MacIver walẹ̀ níbẹ̀, ó ní àwọn adúláwọ̀ ló kọ́ ọ. Gertrude Caton-Thompson tún lọ ní 1929, ohun kan náà ló bá bọ̀. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun Rhodesia, bí wọ́n ṣe ń pe orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, kò fẹ́ gbọ́, torí bí o bá gbà pé onílẹ̀ ló kọ́ ọ, wàá gbà pé onílẹ̀ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè náà fi gba orúkọ ògiri yẹn nígbà tó gba òmìnira ní 1980.

Tiwa, amọ̀ ni. Òkúta pọ̀ ní Èkìtì lóòótọ́, ẹ wo Olósùnta bó ṣe jókòó lórí Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọkọ́ gé e? Amọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ó tutù lọ́sàn-án, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ lóru. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í dúró de òpìtàn. Bí òrùlé bá ti lọ, òjò ọdún díẹ̀ péré, ilé ti padà di ilẹ̀, ẹnìkan á gbin gbágùúdá sí i. Mọ́sálásí ńlá Djenné nílẹ̀ Málì, 1907 ni wọ́n tún un kọ́, tòun ti bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde wá rẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, ó lọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ ń wá àwókù láàárín àwọn tó fi amọ̀ kọ́lé, ó sì ní torí pé òun ò rí i, kò sí.

Ilé-Ifẹ̀ ló rí ọgbọ́n sí i díẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n tò ní ìdúró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ẹ ṣì lè fẹsẹ̀ tẹ òmíràn níbẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ń tẹ́ ojú ọ̀nà, kì í ṣe abúlé ló ń gbé.

* * *

Ọ̀rọ̀ oko tún padà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé pé olùkọ́ òun sọ ní kíláàsì pé ìlú tí àgbẹ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá.

Olùkọ́ rẹ kọ́ ló pilẹ̀ rẹ̀. Ní 1938, Louis Wirth, tó ń kọ́ni ní Chicago, là á sílẹ̀ pé ohun tó ń sọ ibì kan di ìlú ńlá ni pé kí èrò pọ̀, kí wọ́n fún mọ́ra, kí wọ́n sì yàtọ̀ síra wọn. Ìlú tirẹ̀ ló ń wò. Àwọn tó tẹ̀lé e fi kún un pé ará ìlú ńlá kì í roko. Ìgbà tí William Bascom, Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, wá gbé láàárín Yorùbá ló rí i pé òṣùwọ̀n yẹn ò bá wa mu: èrò pọ̀, ilé fún mọ́ra, alágbẹ̀dẹ, aláró, ahunṣọ àti oníṣègùn ń ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá bọ́ ara rẹ̀ láìná ọjà, síbẹ̀ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Akin Mabogunje ti Yunifásítì Ìbàdàn náà gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò títí.

Ẹ wo Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ibùdó ogun ló jẹ́ ní nǹkan bíi 1829. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1952, ó tó 459,000, Èkó sì jẹ́ nǹkan bíi 267,000. Ìlú àwọn àgbẹ̀ ló pọ̀ ju ìlú ọkọ̀ ojú omi lọ báyẹn! Kì í ṣe pé ará Ìbàdàn ń gbé oko. Oko ló ń lọ, bí ẹ̀yin náà ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ láti Bàsírì sí Òkè Ayọ̀bà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiyín, ẹ̀ ń wọ kéké.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Jámánì bá mi wí. Ó ní mo sọ pé adé, ọjà àti bodè ló ń sọ ibì kan di ìlú, pé kí n lọ wo Jenné-jeno ní Málì kí n tó máa fọ́nnu. Ní 1977 ni Susan àti Roderick McIntosh wa ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rí i pé èèyàn ti ń gbébẹ̀ láti nǹkan bíi 250 ṣáájú ìbí Jésù, pé ó ní odi tó tó kìlómítà méjì, pé alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò àti apẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ààfin ni wọn ò rí. Kò sí ohun tó fi hàn pé ọba kan jókòó sórí wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Ọmọ Adó ni mí, ó ṣòro fún mi láti ro ìlú tí kò lọ́ba. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre mi. N ó yọ adé kúrò bó bá di ti ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní yọ ọ́ kúrò ní Èkìtì. Níbí, ọba mẹ́rìndínlógún ni ìtàn kà, bí o bá sì yọ ọ̀kan, wàá rí ìwé lẹ́tà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan, ara iṣẹ́ ni.

Ìlú kan tí kò jìnnà sí Adó (n kò ní dárúkọ rẹ̀) ni wọ́n ti ní kí n wá wọn ilẹ̀ pùlọ́ọ̀tì kan fún oníbàárà mi. Mo rí i pé ilẹ̀ náà tẹ̀ láàárín bí àwo ọbẹ̀. N kò sọ nǹkankan, iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ̀n ọ́n, kí n ri òpó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kọ́lé. Òjò ọdún kejì ni ògiri sán láti ojú fèrèsé wá sí ìsàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi wọ ibi tó sán náà. A gbẹ́ ìdí ìpìlẹ̀ wò. Eérú la bá, àpáàdì, egungun ẹran, owó ẹyọ méjì, eérú tún ni lábẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ gidi kò sí. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì títì ti ń wò wá láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé. Inú yàrà ùlú lẹ kọ́lé sí."

Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká nígbà ogun ni. Nígbà tí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 parí ní 1893, kò sí ẹni tó tún nílò rẹ̀ mọ́, ó di ààtàn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ogun yẹn gbà o! Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, wọ́n kọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, wọn ò sì tíì tú àgọ́ ká. Ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ yóò ti tó ẹni tó ń ru ìbọn. Àgọ́ ti ń di ìlú lọ nìyẹn, bí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ṣe di ìlú.

Mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú okùn mi, ẹnikẹ́ni kò sanwó fún mi. Mo tẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan kọjá, ó gba abẹ́ ilé ìtọ́jú adìyẹ, ó gba pápá iléèwé níbi tí bọ́ọ̀lù kì í ti í dúró, ó sì ń yí. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ṣe ká ìlú mọ́. Gbogbo ilé tí ògiri rẹ̀ ti sán lọ́nà yẹn, orí rẹ̀ ni wọ́n wà.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ilẹ̀ tó tẹ̀, mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Oníbàárà yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

* * *

Ìyá kan tó ní òun ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba bínú sí gbogbo wa. "Ẹ ń sọ ti ọba, ẹ ń sọ ti yàrà, ta ló ń bọ́ wọn?"

Mo dọ̀bálẹ̀, màmá. Ẹ wo ibi tí ọjà wà ní Adó: iwájú ààfin Èwí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìlú tó pọ̀ jù. Ojú ọba ni wọ́n ti ń ná an kí jàgídíjàgan má wọ̀ ọ́. Àwọn ọjà mìíràn jẹ́ ọrọọrún, wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn kí alájàpá lè ná gbogbo wọn. Ìyẹn ju ọgbọ́n abúlé lọ. Òṣómàáló náà ńkọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ àwìn wọ Èkìtì, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí wọ́n á fi gbowó wọn? Kò sí bí wọ́n ṣe lè tajà àwìn fún ará ìlú mìíràn láìjẹ́ pé àwọn ìlú náà mọ ara wọn, kí ẹnìkan lè wí pé agbo ilé lágbájá ni onígbèsè yìí ti wá.

Oníbodè tó ń gba owó lẹ́nu odi náà kò kú. Ẹ dé gáréèjì láàárọ̀ yìí, ẹ óò bá a níbẹ̀, ó wọ fìlà, ó mú igi dání.

* * *

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan ní a ti pa ìlú àwọn tì. Ó dáa. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ní nǹkan bíi 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ààfin Arìnjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́, ọba káàkiri ló sì ń ránṣẹ́ pè é. Ó gbẹ́ ọba sórí ìjókòó, ó gbẹ́ Òyìnbó tí wọ́n gbé lórí àga wá kí i. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ. Wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà di òní.

Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yẹn nínú mọ́tò kó sọ abúlé tó ń ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére láti ìlú mìíràn.

* * *

N kò sọ pé Òyìnbó ò ṣe nǹkankan. Ó dá àwọn ìlú kan sílẹ̀ lóòótọ́. Nairobi, ibi tí wọ́n ń kó irin rélùwéè sí ni ní 1899. Johannesburg, wúrà ló fà á ní 1886. Enugu, èédú. Ohun tó ṣe fún àwọn ìlú tó bá nílẹ̀ ni pé ó fi ọ̀pá tirẹ̀ wọ̀n wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣòfin ìlú ní 1917, Èkó nìkan ṣoṣo ni wọ́n fi sí ipò kìn-ín-ní. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, ó gba Ìlọrin, ó kọrí sí Kánò. Kò ya Èkìtì. Ìlú tí ojú irin gbà ń tóbi, èyí tí kò gbà ń kó ọmọ ránṣẹ́ sí i.

Ìwé ni tiwa gbà. Christ's School, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, wà lórí òkè Agídímọ̀, ẹni tó bá jáde níbẹ̀, ó di Ìbàdàn, ó di Èkó, ó di òkè òkun. Wọ́n kọ́lé sílé, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ẹni tó sọnù. Mo ti wọn ilé alájà mẹ́ta kan rí, tí alángbá àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan péré ń gbé, tí kọ́tìnnì ọdún Kérésì ọdún kẹta ṣì wà lójú fèrèsé. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní Adó kò rí bí ìgboro ṣáájú 1996, kó má gbàgbé pé ọmọ Adó ló ń gbé nínú ìgboro ẹlòmíràn.

* * *

Ìbéèrè, lẹ́ẹ̀kan sí i: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní òun gbà ìdajì. Nǹkan mìíràn wà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára agbo ilé wa pé títì máa gbà á kọjá. Àwọn àbúrò bàbá mi ní kí á yára wó o fúnra wa, kí á ta páànù àti igi rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ kankan ò sí. Kí ni kí á ṣe?

* * *

Àbúrò, ẹ má tíì wó o. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, wọ́n lè gbà á fún títì. Ṣùgbọ́n òfin náà ní owó ilé àti ohun tó wà lórí ilẹ̀ tọ́ sí yín. Bí ẹ bá ti wó o, kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n? Òkìtì amọ̀?

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú àti lóde, yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó ó gbàgbé. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà, ilé náà bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé kò sí ìwé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín jù. Mo wọn agbo ilé kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn tí ìdílé méjì ń jà sí. Kò sí òpó, pèrègún tó wà lójú ààlà ti kú. Ìyá àgbà kan jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ìdí ọ̀pá fa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, "Ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé wa bá ti kán sí, ibẹ̀ ni tiwa parí sí." Mo tẹ̀ ba, mo wò ó. Òjò ọdún gbọọrọ ti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ yíká ilé náà, òkúta wẹ́wẹ́ tò sínú rẹ̀ tinrín. Ìdílé kejì náà wò ó, wọn ò rí nǹkan sọ. Ojú rẹ̀ ni mo ri òpó símẹ́ǹtì sí.

Lọ wò ó bóyá tiyín ṣì ní in. Bí páànù bá kúrò lórí ilé báyìí, òjò méjì péré á pa á rẹ́, nítorí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan òrùlé, pè mí. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wà nílé, okùn mi sì gùn.